Họ́lídè gígùn ti dé o, àwa nani ti ń ṣírò owó

Ẹ jẹ́ kémi náà sọ tèmi, torí tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ sukúù báyìí, tíṣà tíṣà nìkan lẹ máa gbọ́, kò sẹ́ni tó ń rántí àwa nani. Sukúù aládàáni kan n'Íbàdàn ni mo wà, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ nọ́sìrì, èmi ni mò ń mú wọn lọ tọ̀, èmi ni mò ń pààrọ̀ pátá, èmi ni mò ń tẹ́ ẹní fún wọn lọ́sàn-án. Ọdún kẹfà mi rèé. Àná la ṣe fakéṣọ̀n.

Ẹ wá wo nǹkan tó kù nínú páálí tí mò ń kó ẹrù tó sọnù sí: súwẹ́tà mẹ́rin, ìbọ̀sẹ̀ bíi méje tí ò sí méjì tó bára mu, ìdérí fúláàsì oúnjẹ mẹ́ta, bàtà ẹsẹ̀ òsì kan. Báwo lọmọ ṣe wọ bàtà ẹsẹ̀ kan délé tí wọn ò bi í? Súwẹ́tà kan wà níbẹ̀ tí ìyá ọmọ fi bírò kọ orúkọ sí lọ́rùn gàdàgbà, ó ṣì sọnù náà ni. Àwọn tó parí Nursery 2 wọ gáùn gradúéṣọ̀n, fìlà ń já bọ́ sí wọn lójú, àwọn òbí ń ya fọ́tò, àwa ń sáré kiri kẹ́nikẹ́ni má lọ tọ̀ sára nínú gáùn tí wọ́n rẹ́ǹtì. Ẹnìkan ṣáà tọ̀ sára. Mi ò ní sọ ta ni.

Gbogbo òbí tó ń kọjá ló ń sọ pé "àǹtí, ẹ lọ sinmi o", mo kàn ń rẹ́rìn-ín. Oṣù August, ìdajì owó ni wọ́n ń san fún wa. Àwọn tíṣà tó bá ṣe summer lesson á rí nǹkan fi kún tiwọn, ta ló ń gba nani fún lesson? Ìjọba ní 70,000 ni owó oṣù tó kéré jù láti 2024, àmọ́ òfin yẹn ò de ibi tí òṣìṣẹ́ wọn ò bá pé 25, àwa sì jẹ́ 17, bàbá géètì wà ńbẹ̀. Ẹ wá dá ohun tí ò tó yẹn sí méjì.

Ìyẹn ló gbé mi dé ìdí àgbàdo sísè léṣìí, ní Òjóò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àgbàdo ti ń gbó lásìkò yẹn, tí èèyàn ò bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́ kómi funfun ta jáde kó tó rà á, á sè é títí ni, kò ní rọ̀. Ọjọ́ kan ni jíípù kan dúró, mọ́mì kan ní èló, mo ní mẹ́ta 500, ó ní mẹ́rin lòun máa gbà, la bá ń ná an lọ ná an bọ̀, bẹ́ẹ̀ mo ti dá ohùn ẹ̀ mọ̀ o, òun ló máa ń wá mú ọmọ ẹ̀ ní Friday. Mi ò ní purọ́, ojú tì mí, mo fa ìborùn wálẹ̀. Àfi bí ohùn kékeré kan ṣe ké látẹ̀yìn: "Mọ́mì, àǹtí mi nìyẹn! Àǹtí, kí lẹ wá ṣe níta? Ta ló wá wà ní sukúù?"

Ọmọ yẹn rò pé sukúù ni mò ń sùn. Ó ti bi mí rí pé nínú gbogbo ẹní yẹn, èwo ni tèmi.

Mọ́mì ò ná an mọ́. Ó mú 1,000 jáde, ó ní kí n mú ṣéńjì. Mo ka 500 fún un padà. Kì í ṣe pé mi ò nílò ẹ o, mo nílò ẹ gan-an, àmọ́ September a tún máa pàdé lẹ́nu géètì, mi ò fẹ́ kó jẹ́ 500 yẹn la óò máa wò lójú ara wa. Mo fi ẹyọ kan sí i sha, tọmọ nìyẹn.

— Ẹnìkan kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi: Ẹ kú iṣẹ́ ma. Èmi ń dáná ní sukúù tó ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ìṣòro tèmi ni pé mi ò mọ oúnjẹ kékeré sè mọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ họ́lídè báyìí, mo da ìrẹsì sínú omi fún èmi, ọkọ àti ọmọ kan, ọkọ mi yọjú wo ìkòkò, ó ní ta la fẹ́ sọ lórúkọ?

— Èmi náà fèsì: Hahaha, mọ́mì, ẹ bá wa bu tiwa wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá mo máa tún ta àgbàdo lọ́dún yìí, mo ti dé ọjà Bódìjà láàárọ̀, owó ọwọ́ mi ò tíì tó ra àpò kan, màá padà lọ lọ́la. Ọmọ yẹn wà lára àwọn tó wọ gáùn lánàá. Bí wọ́n ṣe ń gbé e wọ mọ́tò ló yọrí síta, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ti se é?"