Béèsì Fender tí dádì mi fi sílẹ̀: ṣé kí n kùn ún lọ́dà kí n tó tà á?

ỌmọOníbéèsì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olórin. Dádì mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, wà nínú ẹgbẹ́ jùjú kan n'Íbàdàn láyé ọjọ́un. Gìtá béèsì wọn, Fender Jazz Bass (irú kan tí ilé iṣẹ́ Fender ti Amẹ́ríkà ń ṣe), ti dọwọ́ mi báyìí. Ọ̀dà rẹ̀ dúdú létí, ó pọ́n láàárín, ṣùgbọ́n ó ti bó níbi tí apá wọn máa ń gbé, igi ti hàn síta. Káfíńtà àdúgbò wa ní kí n gbé e wá, òun á fi sáńpépà ha á, òun á sì fín ọ̀dà tuntun sí i. Ẹnìkan ní ti 1966 ni, pé owó ńlá ni. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

Ṣadé Onígìtá:
Káfíńtà kẹ̀? Yéè! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e débẹ̀ rárá.

Ẹ̀gbọ́n Peckham:
Àbúrò, iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí ní London, gìtá ni mò ń tún ṣe. Àwọn tó ń ra ti àtijọ́, ọ̀dà ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún. Bẹ́ ẹ bá kùn ún, bí ìdajì owó rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ibi tó bó ò ní kí wọ́n má rà á. Èmi ò tiẹ̀ ní nù ún ju aṣọ gbígbẹ lọ.

Ní ti ọdún, ẹ má gbọ́kàn lé nọ́ńbà ara irin ẹ̀yìn tó de ọrùn mọ́ ara gìtá. Síkúrúù mẹ́rin péré ló dè é, wọ́n lè ti yọ tẹlòmíì sí i. Ẹ tú irin dídán tí àwọn bọ́tìnì tí a fi ń yí ohùn sókè sódò wà lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ yí i dojú dé pẹ̀lẹ́, wáyà abẹ́ ẹ̀ ti gbó. Agolo kékeré tó ń darí ohùn wà lábẹ́ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ nọ́ńbà sí i. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ilé iṣẹ́ tó ṣe agolo náà: 137 ni ti CTS, 304 ni ti Stackpole. Méjì tó tẹ̀ lé e ni ọdún, méjì ìkẹyìn ni ọ̀sẹ̀. Nítorí náà, 1376633 jẹ́ CTS, ọdún 1966, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélọ́gbọ̀n.

Ẹ má tíì yọ̀ o. Fender ra agolo yìí rẹpẹtẹ ní 1966, lẹ́yìn tí CBS, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ti Amẹ́ríkà, ti ra ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Leo Fender tó dá a sílẹ̀ ní 1965, wọ́n sì ń lò ó títí dé 1969. Ìdí ọrùn ló máa ń parí ẹjọ́: ẹ dẹ okùn, ẹ tú ọrùn, òǹtẹ̀ oṣù àti ọdún wà níbẹ̀. 7 tó bá ṣáájú kì í ṣe ọjọ́ o, Jazz Bass ló dúró fún. Àmì ojú ọrùn ńkọ́, róbótó ni àbí onígun mẹ́rin? 1966 yẹn náà ni onígun wọlé.

ỌmọOníbéèsì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Onígun ni. Mo ti tú irin iwájú: 3046613. Ọ̀dà abẹ́ ẹ̀ ṣì pọ́n dẹ̀dẹ̀, ti ìta ti ṣá sí àwọ̀ pupa ẹyin. Ṣé kí n kúkú fi ránṣẹ́ sí yín ní London kẹ́ ẹ bá mi tà á?

Ẹ̀gbọ́n Peckham:
Ẹ dúró ná. Bí igi ojú ọrùn yẹn bá jẹ́ rosewood ti Brazil (igi líle kan tó ṣọ̀wọ́n), CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo igi àti ẹranko, ti fi òfin dè é láti 1992. Ẹ ò lè gbé e kọjá ẹnubodè fún títà láìsí ìwé àṣẹ, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò ìdí ọrùn àti ojú rẹ̀ nínú oòrùn, kẹ́ ẹ fi síbí.