Orúkọ tó yẹ àwòrán tí a fi ń kọ́ni ní èdè Jámánì

Ẹ̀yin ará mi,

Àbá tó wà níwájú wa ni pé kí a máa pe gbogbo àwòrán tí àwọn olùkọ́ èdè Jámánì ń yà láti fi ọ̀rọ̀ pa akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rìn-ín ní "àwòrán ẹ̀fẹ̀". N kò fara mọ́ ọn. Ẹ̀fẹ̀ ń sọ ohun tí àwòrán ṣe fún ẹni tó ń wò ó, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí àwòrán náà ṣe sí ọ̀rọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀kọ́ wà.

Oríṣi méjì tó yàtọ̀ síra ni a ń dà pọ̀. Èkíní jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kàn pọ̀ mọ́ra. Àwọn ará Jámánì ń pe ìbọ̀wọ́ ní Handschuh, ìyẹn bàtà ọwọ́. Wọ́n ń pe èrìgì ní Zahnfleisch, ẹran eyín. Wọ́n sì ń pe ìjàpá ní Schildkröte, ọ̀pọ̀lọ́ alásà. Bí ayàwòrán bá ya ọ̀pọ̀lọ́ tó gbé asà jagunjagun kọ́ ẹ̀yìn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì rántí. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ dárà níbẹ̀, ìtumọ̀ oréfèé ni wọ́n yà. "Àwòrán oréfèé" ni mo dábàá fún irú èyí. Kí ayàwòrán má sì gbàgbé pé apá tó kẹ́yìn ló ń pinnu bóyá gbogbo ọ̀rọ̀ náà yóò jẹ́ der, die tàbí das, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ kékeré tó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ láti fi ìsọ̀rí rẹ̀ hàn: die ni Hand, der ni Schuh, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ der Handschuh. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń lo àwọ̀ búlúù fún der, pupa fún die àti àwọ̀ ewé fún das. Bàtà ni kí wọ́n kùn ní búlúù nínú àwòrán yìí, kì í ṣe ọwọ́.

Oríṣi kejì ló jẹ mí lógún jù. Schloss jẹ́ ààfin, ó tún jẹ́ àgádágodo. Hahn jẹ́ àkùkọ, ó tún jẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ ní eré kan tó ń jẹ́ Teekesselchen, nínú èyí tí ẹni méjì máa ń ṣàpèjúwe ìtumọ̀ méjèèjì láìdárúkọ ọ̀rọ̀ náà, kí àwọn yòókù lè mọ̀ ọ́n. Ẹ wá wo gbólóhùn yìí: "Der Leiter steht auf der Leiter." Ọ̀gá ló dúró lórí àkàbà. Der Leiter ni ọ̀gá, die Leiter ni àkàbà, ṣùgbọ́n nígbà tí auf, ìyẹn "lórí", bá ń sọ ibi tí nǹkan wà, die tó tẹ̀ lé e yóò di der, der yóò sì di dem. Nítorí náà, bí a bá kọ "auf dem Leiter", àkàbà ti kúrò níbẹ̀; èjìká ọ̀gá mìíràn, pẹ̀lú táì lọ́rùn rẹ̀, ni ọ̀gá àkọ́kọ́ dúró lé. Àwòrán méjì ni a ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, lẹ́tà kan ṣoṣo ni yóò sì pààlà sáàárín wọn. Kò sí àlàyé gírámà tí mo mọ̀ tó yá ju èyí lọ.

Irú èyí ni mo fẹ́ kí a pè ní "àwòrán ìfọ̀rọ̀dárà". Ẹnìkan ti béèrè bóyá "ìfohùndárà" kò ní sàn jù, nítorí pé ohùn ni àwa fi ń ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára igbà. Kò bá èdè Jámánì mu: bákan náà ni etí ń gbọ́ Leiter, ì báà jẹ́ ọ̀gá, ì báà jẹ́ àkàbà, ọ̀rọ̀ kékeré tó ṣáájú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tí àmì ohùn ń ṣe fún wa.

Àtakò tó kù ni pé orúkọ náà gùn. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ ọ yóò ti mọ̀, kó tó ṣí ìwé, pé ọ̀rọ̀ ni kí òun wá nínú àwòrán náà.