Ṣé sàlẹ́ńsà olówó ńlá máa ń fi agbára kún mọ́tò lóòótọ́?

Akin_Corolla:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Corolla 2005 ni mo ń wa, ẹ́ńjìnnì 1.8 yẹn, tọ́kùnbọ̀. Wẹ́dà kan ní Ìwó Road ní kí n jẹ́ kóun yọ sàlẹ́ńsà ẹ̀yìn kóun fi páìpù ńlá kan sí i, ó ní mọ́tò á máa fò, pé á fi tó 30 horsepower kún agbára ẹ̀. Owó tó pè ò kéré rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, ṣé òótọ́ ni àbí ariwo lásán?

Baba_Mẹkáníìkì:
Àbúrò, tọ́jú owó ẹ. Bíi 130 horsepower ni ẹ́ńjìnnì yẹn ní látọ̀dọ̀ Toyota, ibo ni 30 fẹ́ gbà wọlé? Sàlẹ́ńsà ẹ̀yìn nìkan ò lè fún ẹ ní nǹkan tó o máa mọ̀ lára. Tó o bá tiẹ̀ pààrọ̀ gbogbo páìpù láti ẹ̀yìn catalyst, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú páìpù, títí dé ìdí mọ́tò, bóyá wàá rí 3 sí 5, ìyẹn náà tó o bá tẹná dé ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú gosló Ìwó Road níbo lo ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́? Èéfín tó ń jáde nínú sílíńdà kan ló ń bá èkejì fa tiẹ̀, tí páìpù bá wá fẹ̀ jù kò ní sáré mọ́, mọ́tò á wúwo nígbà tó o bá ń gbéra. Etí ló ń gbọ́ agbára yẹn, táyà ò gbọ́ nǹkan kan.

Ṣadé_Manchester:
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ya mọ́tò tó ní turbo, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì, sọ́tọ̀ o. Golf GTI lèmi ń wa, èéfín ló ń yí turbo ẹ̀, torí ẹ̀ tí wọ́n bá la ọ̀nà fún èéfín lẹ́yìn turbo, páìpù tí wọ́n ń pè ní downpipe yẹn, tí wọ́n sì tún kọ̀ǹpútà ẹ̀ tò, wàá mọ̀ ọ́n lára dáadáa. Kọ̀ǹpútà yẹn gan-an ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọ̀hún. Àmọ́ ní UK níbí ẹ ò gbọ́dọ̀ yọ catalyst o, tí wọ́n bá yẹ mọ́tò wò fún MOT, àyẹ̀wò dandan ti ìjọba, tí wọn ò bá a níbẹ̀, ó já nìyẹn.

Akin_Corolla:
Ẹ ṣé gan-an. Wẹ́dà yẹn tiẹ̀ ní òun á bá mi yọ catalyst náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ó kàn jẹ́ pé mọ́tò yìí kì í fẹ́ gun òkè Mọ́kọlá mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá.

Baba_Mẹkáníìkì:
Lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀! Platinum àti palladium ló wà nínú ẹ̀, ó fẹ́ lọ tà á ni. Tó bá sì yọ ọ́, iná check engine á tàn, òórùn èéfín á máa wọ inú mọ́tò bá ẹ. Ohun tó o sọ nípa Mọ́kọlá yẹn gan-an ló ká mi lára, ó lè jẹ́ pé catalyst ti dí. Ní kí mẹkáníìkì yọ sensọ̀ iwájú catalyst, kó fi géèjì tó ń wọn bí èéfín ṣe ń tì síbẹ̀, kó tẹná dé 2500 rpm, tí géèjì bá ti kọjá 3 psi dáadáa, èéfín ò rọ́nà jáde nìyẹn. Kó tó ṣe ìyẹn kó wo plọ́ọ̀gì àti air filter ná, àwọn yẹn ò wọ́n.

Akin_Corolla:
Mo ti gbọ́ sà. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa gbé e lọ, màá wá sọ iye tí géèjì bá kà fún yín.