Olówó aṣọ Hanoi tó kó góòlù ẹ̀ fún òmìnira Vietnam

Ìbéèrè:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń kà nípa Trịnh Văn Bô, oníṣòwò aṣọ ṣẹ́dà ní Hanoi, wọ́n ní òun àti ìyàwó ẹ̀ kó góòlù 5,147 lượng (ìwọ̀n góòlù wọn) fún àwọn Ho Chi Minh tó ń jà fún òmìnira Vietnam. Ọjà ẹ̀ ṣáà ń tà lábẹ́ àwọn Faransé, kí ló wá gbé e débẹ̀? Kí ni wọ́n sì ń fi góòlù yẹn ṣe?

Ìdáhùn 1:
Lượng kan jẹ́ gíráàmù 37.5, ẹ ṣírò ẹ̀, ó lé ní kílò 190! Láti 1944 ni tọkọtaya yẹn ti ń gbé owó fún wọn ní bòókẹ́lẹ́. Nígbà tí Viet Minh, ẹgbẹ́ Ho Chi Minh, gba ìjọba ní August 1945, àpò ìjọba ti gbẹ, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.25 piastre (owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀ nígbà yẹn) ló kù níbẹ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀ sì ti gbó kọjá èyí tó ṣe é ná, ìyàn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pa èèyàn lọ súà lápá àríwá. Ni wọ́n bá ṣe Ọ̀sẹ̀ Góòlù ní September, kí aráàlú lè dá góòlù fún ìjọba, ẹni tó ní yẹtí bọ́ yẹtí, ẹni tó ní òrùka bọ́ òrùka. Ní tèmi o, bó ṣe lówó tó yẹn náà, ẹrú ni lójú Faransé, òun náà mọ̀ ọ́n.

Ìdáhùn 2:
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ilé wọn ló yà mí lẹ́nu ju góòlù lọ. Màmá mi ta aṣọ, òkè ṣọ́ọ̀bù ni ìtì aṣọ máa ń wà, kò sí àlejò tó máa débẹ̀ láéláé. Àwọn wọ̀nyí wá gba Ho Chi Minh sókè ṣọ́ọ̀bù wọn ní 48 Hàng Ngang, ibẹ̀ ló ti kọ ìwé ìkéde òmìnira tó kà ní gbàgede Ba Đình ní Hanoi ní September 2, àwọn oníbàárà ń yan aṣọ nísàlẹ̀, wọn ò mọ ẹni tó wà lókè orí wọn. Ká ní àṣírí tú ńkọ́?

Ìdáhùn 3:
Èyí tó dùn mí ni pé ní 1954 wọ́n yá ìjọba ní ilé wọn kan ní òpópónà Hoàng Diệu, ọkùnrin yẹn kú ní 1988, kò rí i gbà padà. Ìyàwó ẹ̀, Hoàng Thị Minh Hồ, wà láyé di 2017. Irú ìyẹn ò dáa rárá.

Oníbèéèrè:
Ẹ ṣé gan-an. Ilé Hàng Ngang yẹn ṣì wà ṣá?

Ìdáhùn 2:
Ó wà dáadáa, mùsíọ́mù ni wọ́n sọ ọ́ dà.