Ìran bakitéríà eégbọn ti Bràsíl yàtọ̀: ṣé òun ló fà á tí àìsàn ajá mi fi padà?

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin alájá. Tanímọ̀la, akọ Alsatian mi, ló tún dùbúlẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ara rẹ̀ gbóná, kò jẹun, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde nímú rẹ̀. Dókítà ẹranko yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní Ehrlichia ni, bakitéríà tí eégbọn ń gbé kiri. Wọ́n fún wa ní doxycycline ọ̀sẹ̀ kan. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé ló ti ń lé ewúrẹ́ àdúgbò kiri. Ó tún ti dé báyìí: ẹran ìdí eyín rẹ̀ ti funfun, kì í dìde pàdé mi mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń gbé ní Salvador, ní Bràsíl, ní àwọn kà á pé Ehrlichia ọ̀dọ̀ wọn kì í ṣe ìran kan náà pẹ̀lú ti Amẹ́ríkà tàbí ti Taiwan. Wọ́n ní bóyá tiwa náà ti yí padà ni oògùn ò fi ràn án, pé àwọn á fi oògùn ránṣẹ́ láti ọ̀hún. Ṣé kí n gbà?

Bàbá Ológbò: Eégbọn so mọ́ akátá lẹ́nu, wọ́n ní kí adìyẹ wá já a. Èmi ò dá sí i o, mo kàn jókòó kà á ni.

Dókítà Ẹranko, Ìbàdàn: Òótọ́ ni ohun tí ẹ̀gbọ́n yín kà, ibi tí wọ́n gbé e lọ ni kò bá a mu. Ehrlichia canis ni orúkọ bakitéríà náà. Algeria ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, ní 1935. Tí ẹ bá wo jíìnì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 16S, ibi yòówù kí wọ́n ti mú un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ rárá. Jíìnì míì, trp36, ni ọ̀rọ̀ wà. Òun ló ń ṣe purotéènì kan tí sójà ara ajá tètè máa ń rí, ègé kékeré kan sì máa ń tò léra wọn nínú rẹ̀ ní àtòtúntò. Iye ègé náà ń yàtọ̀, àwọn ègé fúnra wọn sì ń yàtọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ìran Amẹ́ríkà, ti Taiwan, ti Bràsíl àti ti Costa Rica. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín, kò sí èyí tó gba ìwé ìrìnnà: ìran ti Amẹ́ríkà wà ní Bràsíl pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n doxycycline kì í bá purotéènì yẹn jà. Ibi tí bakitéríà ti ń ṣe gbogbo purotéènì rẹ̀ ló ń dí pa. Olè tó pààrọ̀ aṣọ lè kọjá lójú ọdẹ, aṣọ tuntun ò ní kí ebi má pa á. Àyẹ̀wò tó ń wá sójà ara nínú ẹ̀jẹ̀ ni ìyàtọ̀ yìí lè dà láàmú, àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ọ̀sẹ̀ kan yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ọjọ́ 28 la sábà máa ń lò ó. Ara ajá á ti yá láàárín ọjọ́ díẹ̀, bakitéríà á sì fara pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ funfun.

Ìyá Bíngò: Dókítà, bíngò ni mò ń sìn. Eégbọn ń bẹ lára wọn, kò sí èyí tó ṣàìsàn rí. Àwọn ajá òyìnbó ni ò lágbára. Kí ó fi òtápíàpíà nu ara rẹ̀, kó tán.

Dókítà Ẹranko, Ìbàdàn: Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, òtápíàpíà á pa ajá mọ́ eégbọn ni. Ti ajá òyìnbó yẹn, ẹ ò jìnnà sóòótọ́: nígbà ogun Vietnam, ọ̀pọ̀ ajá ológun Amẹ́ríkà ni àìsàn yìí pa, Alsatian ló sì máa ń le sí jù. Ṣùgbọ́n ajá tí ẹ ò rí àìsàn lára rẹ̀ lè gbé e fún ọdún púpọ̀. Ẹ tún wo èyí: eégbọn kì í bí bakitéríà yìí mọ́ ẹyin. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa gbọ́dọ̀ mu ún lára ajá kó tó lè kó o fún ajá míì. Bíngò yín lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń mu ún. Inú ihò ògiri àti abẹ́ búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ ti wá wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń yé sí.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ ṣeun, dókítà. Ṣé kí n kàn ra doxycycline ọjọ́ 28 nìyẹn?

Dókítà Ẹranko, Ìbàdàn: Rárá. Ìdí eyín tó funfun báyẹn, mo ń fura sí Babesia pẹ̀lú, kòkòrò àìfojúrí míì tí eégbọn ń gbé kiri, tó ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa jẹ́; doxycycline nìkan ò sì lè wò ó. Níbẹ̀ ni ìran ti ń ṣe pàtàkì gan-an. Babesia canis kan ṣoṣo ni ìwé àtijọ́ mọ̀. Wọ́n ti pín in sí mẹ́ta báyìí: canis, vogeli, rossi. Rossi ló burú jù, ó sì wà ní Nàìjíríà. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lábẹ́ maikirosíkóòpù kí wọ́n tó fún un ní abẹ́rẹ́ kankan.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Màá gbé e lọ lówùúrọ̀ ọ̀la.

Dókítà Ẹranko, Ìbàdàn: Ẹ má dúró dòwúrọ̀. Ilé ìwòsàn ẹranko tó bá ṣí nírọ̀lẹ́ yìí ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Tí ẹ bá ní ajá míì tára rẹ̀ le, ẹ mú un dání.