Ta ló mọ bí a ṣe ń gbẹ́ jíà kékeré inú apá Singer 29K?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀rọ ìránbàtà Singer 29K tí bàbá mi ń lò ni mo fẹ́ tún ṣe, irú èyí tí wọ́n ṣe ní Clydebank ní Scotland, tí ẹsẹ̀ tó ń tẹ awọ mọ́lẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń yí po.

Jíà kékeré tó wà ní ìparí apá gígùn yẹn, tó ń yí shuttle (ohun tó ń gbé òwú ìsàlẹ̀), ti jẹ. Eyín rẹ̀ ti mú ṣóńṣó bí eyín ayùn, méjì sì ti kán. Abẹ́rẹ́ á wọlé, òwú ò ní kọ́. Awọ tó bá nípọn ló burú jù.

Ẹnì kan tó ń fi lẹ́ẹ̀tì gbẹ́ irin ní Mushin ní idẹ lòun máa fi ṣe é. Lójú tèmi, idẹ ti rọ̀ jù. Ṣé kó fi irin ṣe é, kó tì í bọná, kó jù ú sínú ọ́ìlì kó lè le? Ṣùgbọ́n irin gígùn eléyín tó ń tì í síwá sẹ́yìn ṣì dára. Ṣé jíà tó le ò ní jẹ ẹ́ run?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, irin wo lẹ lò? Báwo lẹ sì ṣe wọn eyín tó ti jẹ?