Edé tó pọ́n àti edé tó ṣá: ṣé aró ni, àbí àwọ̀ ara rẹ̀?

Ẹlẹ́dé Òkè-Àjẹ
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Edé gbígbẹ ni mò ń tà n'Íjẹ̀bú-Òde. Tí ọjà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti apá Mákùn-Omi, á pọ́n dáadáa. Kó pẹ́ díẹ̀ lórí àtẹ, á ṣá. Àwọn oníbàárà kan ní èyí tó ti ṣá kò ṣe ara lóore mọ́. Àwọn mìíràn ní aró ni wọ́n fi rẹ èyí tó pọ́n. Èwo ni ká gbà? Wọ́n tún ń bèèrè bóyá èèyàn lè lọ̀ ọ́ sínú ògì ọmọ oṣù mẹ́jọ.

Ọmọ Etí-Òkun
Ẹ̀gbọ́n, ara edé ni pupa yẹn ti wá. Astaxanthin ni wọ́n ń pè é. Edé kì í dá a ṣe, inú ohun tó ń jẹ lómi ló ti ń rí i. Nígbà tó bá wà láàyè, èròjà amáradàgbà kan dì í mú, kò jẹ́ kó hàn, ni edé tútù fi ń rí bí eérú. Iná ló ń tú u sílẹ̀. Ẹ wo ìkòkò nígbà tí ẹ bá da edé sí i: ẹsẹ̀ àti ìrù tó fẹ́lẹ́ á kọ́kọ́ pọ́n, kí ẹ̀yìn tó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni akàn.

Ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ló ń jẹ àwọ̀ náà. Ẹ máa pàtẹ díẹ̀díẹ̀, kí ìyókù wà nínú ike tó dé pa, níbi tí oòrùn kò dé.

Ní ti aró, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi tútù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Inú epo ni pupa edé ń yọ́ sí, kì í yọ́ sínú omi. Omi lè dàrú díẹ̀. Tó bá pọ́n, aró ni.

Bàbá Alákàn
Òótọ́ ni, àmọ́ aró tó ń yọ́ sínú epo wà, omi ò ní tú àṣírí ìyẹn. Ẹ fojú wò ó. Edé tí wọn ò rẹ láró, ojú rẹ̀ á dúdú, pupa rẹ̀ ò ní dọ́gba, inú ẹran rẹ̀ á mọ́ ju èèpo lọ. Èyí tó pọ́n bákan náà látojú dé ìrù, ẹ má rà á.

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù
Ẹ má fi àwọ̀ wọn oúnjẹ. 100 gírámù edé tútù ní amáradàgbà bíi 20 gírámù, ọ̀rá rẹ̀ kò tó 2. Síǹkì náà wà níbẹ̀. Oòrùn tó mú un ṣá kò kó ìwọ̀nyí lọ. Astaxanthin kì í di fítámì A nínú ara wa. Epo pupa tí ẹ fi sè é ló ń ṣe ìyẹn, tí ẹ ò bá ti yọ ọ́ funfun.

Ọmọ náà lè jẹ ẹ́. Ẹ ṣan iyọ̀ rẹ̀ kúrò, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ sì jọ̀ ọ́, torí èèpo rẹ̀ mú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orí ṣíbí tíì lásán, láàárọ̀, kí ẹ lè máa ṣọ́ ọ. Ara àwọn kan kọ edé, sísè kì í sì í pa ohun tó ń fà á. Bí ètè bá wú tàbí mímí bá nira fún un, ó di ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹlẹ́dé Òkè-Àjẹ
Ẹ ṣeun gan-an. Èyí tí orí rẹ̀ ti ń dúdú ká tó sá a ńkọ́? Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ọmọ Etí-Òkun
Èròjà kan lára edé ló ń bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn tó ti kú. Dúdú yẹn fúnra rẹ̀ kì í pani, ó kàn ń sọ pé edé ti pẹ́ kó tó ríná ni. Kí àwọn tó ń kó o wá lo kílò yìnyín kan sí kílò edé kan látinú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ṣíbí ìjẹun iyọ̀ kan sí lítà omi kan. Kí omi hó dáadáa kí edé tó wọ̀ ọ́. Wẹ́wẹ́ kò ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ. Tí wọ́n bá da púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, omi á dákẹ́ híhó, àwọn kan ò ní jinná, orí wọn á dúdú níbi tí wọ́n sá a sí.

Ìyá Olóńjẹ
Fún ìkọ́kọrẹ́, epo kò gbọdọ̀ rú èéfín. Kó kàn gbóná, kí edé wọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú kan kí ata tó tẹ̀ lé e. Epo á gba àwọ̀ àti òórùn rẹ̀. Èyí tó ti ṣá, tí kò bá tíì máa rùn bí epo tó ti kan, ẹ lọ̀ ọ́ tà. Kò sẹ́ni tó ń wo àwọ̀ edé lílọ̀.